Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Àpápá? Ẹjọ́ Olóyè Olúwa àti Ilẹ̀kùn Ilé-Ẹjọ́

Ẹni tí ó bá gba Àpápá kọjá lónìí yóò rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó tò lọ bẹẹrẹ lójú títì, yóò rí kọ̀ǹtẹ́nà tí wọ́n tò lé ara wọn, yóò sì gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi láti òkèèrè. Awakọ̀ wà níbẹ̀, alágbàtà wà níbẹ̀, aṣọ́bodè wà níbẹ̀, olóúnjẹ wà níbẹ̀, oníkálukú ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ Àpápá ti di ẹjọ́ rí, pé ẹjọ́ náà wọ ọkọ̀ ojú omi dé Lọ́ńdọ̀nù, àti pé ìdájọ́ tí wọ́n dá lé e lórí kò tíì di ìtàn àtijọ́ lójú àwọn amòfin títí di òní olónìí.

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn tí ó wà ní Èkó kéde pé òun fẹ́ gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún ìlò ìlú. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1903 ni wọ́n gùn lé. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ àbójútó Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè fìlà funfun tí ìtàn Èkó sọ pé wọ́n ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ọlọ́fin, tí bàbá wọn pín ilẹ̀ fún kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ ọ̀nà Èkó rárá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá ìjọba lè gba ilẹ̀ tàbí kò lè gbà á ni ó di ìjà. Owó gbà-má-bínú ni ó di ìjà. Olúwa ní bí ìjọba bá gba ilẹ̀, kí ó san owó ilẹ̀ náà pé pérépéré.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àlàyé ìjọba ni pé Olúwa kò ni ilẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ó ní kò ju ẹ̀tọ́ àbójútó lọ: kí ó pín ilẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ dá oko tàbí kọ́ ilé, kí ó gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó parí aáwọ̀. Nítorí náà, owó àbójútó yìí nìkan ni ó yẹ kí àwọn san fún un. Ilé-ẹjọ́ tí ó wà nílé níhìn-ín fara mọ́ ìjọba. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gba màlúù lọ́wọ́ ẹni tí ń dà á, tí ó wá ní owó dídà nìkan ni òun yóò san, bí ẹni pé màlúù náà kò ní olówó.

Ibi tí àlàyé ìjọba ti wá kò fara sin. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ilẹ̀ kò bá jẹ́ ti ẹnì kan tí a lè fi ìka tọ́ka sí, ti ọba ni. Wọ́n wo Olúwa, wọ́n rí i pé kò lè dá ilẹ̀ náà tà bí ẹni ta aṣọ ọrùn rẹ̀. Wọ́n wo àwọn mọ̀lẹ́bí tí ó wà lórí ilẹ̀, wọ́n rí i pé ẹnì kankan nínú wọn kò lè dìde kí ó ní tòun nìkan ni. Ìparí èrò wọn ni pé a jẹ́ pé ilẹ̀ náà kò ní olówó gidi. Wọn kò ro ti ọ̀nà kẹta, èyí tí ọmọ kékeré ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ láìka ìwé kankan: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè, àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Olóyè kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni.

Bí ẹjọ́ bá dé ibẹ̀ nígbà náà, ibì kan ṣoṣo ni ó kù. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún Nàìjíríà kò sí ní Nàìjíríà. Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, ní òpópónà Downing Street, níbi tí Ìgbìmọ̀ Adájọ́ ti Privy Council ti ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ láti Kánádà wà níwájú wọn, ti Íńdíà wà níbẹ̀, ti Ọsirélíà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó ọkọ̀ àti owó agbẹjọ́rò kò lè dé iwájú wọn, bí ó ti wù kí ẹjọ́ rẹ̀ gún tó.

Ní ọdún 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Macaulay, awọnlẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó kọ́, ó sì mọ bí ìjọba ṣe ń fi ìwé àti àwòrán ilẹ̀ gba ohun tí agbára kò lè gbà. Ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ọba Èkó, wà lọ́wọ́ wọn nínú ìrìn àjò náà. Ohun kékeré kọ́ ni èyí. Ó sọ fún gbogbo ayé pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti olóyè kan ṣoṣo, pé ìlú odidi ni ó rán wọn níṣẹ́.

Ìdájọ́ jáde ní oṣù keje ọdún 1921. Viscount Haldane ni ó kà á. Ó ní nígbà tí Ọba Dòsùnmú fi Èkó sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé àdéhùn ọdún 1861, àṣẹ ìṣèlú ni ó kọjá sí ọwọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀ wọn dúró síbi tí ó wà. Ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún àṣà kan tí ó máa ń wọ inú wọn láìfura, èyíinì ni pé kí wọ́n máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí àṣà àwọn tí ó ni ilẹ̀, kí a tó sọ irú ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní. Nígbà tí wọ́n sì wádìí rẹ̀, ohun tí wọ́n bá pàdé ni ìní gbogbo ẹbí àti àwùjọ. Nítorí náà, kí ìjọba ka Olúwa sí ẹni tí ó gbé ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwùjọ rẹ̀ ní kíkún kalẹ̀, kí ó sì san owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yé ohun tí ìdájọ́ yìí ṣe, àti ohun tí kò ṣe. Kò dá ilẹ̀ padà. Ilẹ̀ tí ìjọba fẹ́, ìjọba gbà á. Ohun tí ó dá padà ni orúkọ: pé àwọn ènìyàn yìí ni olówó ilẹ̀ kí ìjọba tó dé, pé wọ́n ṣì ni olówó rẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba dé, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ra ohun olóhun. Àwọn amòfin Kánádà àti ti Ọsirélíà lo ìdájọ́ kan náà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà nígbà tí àwọn onílẹ̀ àbáláyé ibẹ̀ ń jà fún tiwọn. Ó wà lára ohun tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà tọ́ka sí nínú ẹjọ́ Mabo ní ọdún 1992.

Apá kan wà nínú ìdájọ́ náà tí a kì í sábà rántí, bóyá nítorí pé kò dùn mọ́ àwọn kan. Bí ó ti sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sọ pé kì í ṣe ti olóyè. Alágbàtọ́ ni olóyè jẹ́. Owó tí ó bá gbà, ti àwùjọ ni, òun ni yóò sì pín in. Bí baálé kan bá ta ilẹ̀ ẹbí ní kọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta, tí wọ́n tún ń gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé, kí wọ́n má ṣe fi orúkọ Olúwa búra. Ẹjọ́ tí ó gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò gbè wọ́n.

Bákan náà, kò yẹ kí ayọ̀ ìdájọ́ ọdún 1921 mú ẹnikẹ́ni ro pé ilé-ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọ̀rẹ́ ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1918, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ìgbìmọ̀ kan náà ni ó dá ẹjọ́ ilẹ̀ Gúúsù Rhodesia, ibi tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí. Ìbéèrè ni pé ta ni ó ni ilẹ̀ tí wọn kò tíì pín fún òyìnbó. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ṣàkóso ibẹ̀ ní tòun ni. Àwọn òyìnbó tí ó ti tẹ̀dó síbẹ̀ ní tiwọn ni. Àwọn aláàánú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ ìlú. Lord Sumner dáhùn pé ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní àwọn ẹ̀yà kan wà tí ètò ìgbésí ayé wọn rẹlẹ̀ débi pé a kò lè ka ìlò tí wọ́n ń lo ilẹ̀ sí ohun ìní tí òfin mọ̀. Ó tún ní ohunkóhun tí àwọn ọmọ ìlú náà ti lè ní tẹ́lẹ̀, ogun tí a fi ṣẹ́gun wọn ti gbé e lọ.

Ilé-ẹjọ́ kan náà ni, òfin kan náà ni, ọdún mẹ́ta ni ó wà láàárín wọn. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ọ̀kan ni pé ìwé àdéhùn wà láàárín Èkó àti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbọn ni wọ́n fi gba ilẹ̀ àwọn Ndebele. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kejì wà tí ó yẹ kí a wò dáadáa. Àwọn ọmọ ìlú Rhodesia kò fi ẹsẹ̀ ara wọn dé Downing Street. Ẹlòmíràn ni ó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ. Olúwa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, pẹ̀lú ògbufọ̀ tirẹ̀ àti ọ̀pá àṣẹ ọba rẹ̀. Àwọn àgbà ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdájọ́ lè yí sí ibi tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè sọ bí bàbá òun ṣe ń pín ilẹ̀.

Ìrìn àjò náà sì ní iye tí ó náni. Nígbà tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sọ̀rọ̀ nípa ipò Elékòó lọ́nà tí ó bí ìjọba Èkó nínú. Ìjọba ní kí Elékòó Èṣùgbàyí rán onílù agogo káàkiri ìlú láti kéde pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èṣùgbàyí kò rán agogo. Ìjọba kéde pé òun kò mọ̀ ọ́n ní ọba mọ́. Ní ọdún 1925, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọba tí àwọn baba rẹ̀ jọba létí ọ̀sà wá di àlejò ní ilẹ̀ ọ̀dàn.

Òun náà kò dákẹ́. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ, ó ní kí ìjọba wá sọ ohun tí ó fi dí òun mọ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ilé-ẹjọ́ ilé dá a padà. Ó tún gba Lọ́ńdọ̀nù lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1928, Privy Council ní bí adájọ́ kan bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, adájọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ní ọdún 1931, Lord Atkin sọ̀rọ̀ tí ó wúwo ju gbogbo rẹ̀ lọ: pé kò sí aláṣẹ ìjọba kan tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ènìyàn àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun láyè, àti pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba ni a ń bá ṣẹjọ́. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó pé kí wọ́n lọ wádìí rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1931 kan náà, Èṣùgbàyí padà sílé, ìlú sì jáde pàdé rẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó wàjà.

Bí a bá fi ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìjọba lè gbà, ìjọba lè lé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, níbi tí ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lè dúró kí ó bèèrè ìdí, kí ó sì bèèrè iye. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1963, nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ó ní ààrẹ tirẹ̀, ilẹ̀kùn náà kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wá sílé. Ohun ayọ̀ ni. Kò bójú mu kí ọmọ Yorùbá máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bèèrè lọ́wọ́ àlejò bóyá ilẹ̀ bàbá òun jẹ́ ti òun.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1978, ìjọba ológun fi Òfin Lílo Ilẹ̀ lélẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ gómìnà, kí ó tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí Haldane kọ̀ láti fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, òfin yìí fún gómìnà. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ padà fún ìlò ìlú, abala kọkàndínlọ́gbọ̀n sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n san: owó ilé, owó irè oko, owó ohun tí ènìyàn fi kún ilẹ̀. Owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò ju iye owó ọdọọdún tí onílẹ̀ san fún ìjọba lórí rẹ̀ ní ọdún náà lọ, bí ó bá san rárá. Ẹni tí ó bá ka èyí tí ó sì rántí ẹjọ́ Àpápá yóò rí i pé àlàyé ìjọba ọdún 1913 ni ó tún padà dé, tí ó ti pààrọ̀ aṣọ.

Èyí tí ó tún le jù wà ní abala kẹtàdínláàádọ́ta. Ó ní ilé-ẹjọ́ kankan kò ní agbára láti wádìí bóyá owó gbà-má-bínú tí wọ́n san tó tàbí kò tó. Ìbéèrè tí Olúwa gbé gba orí òkun gan-an nìyẹn. Ká ní òfin yìí ti wà ní ọdún 1913, Olúwa kò ní lè kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ Èkó.

Òótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ní ìdí. Nígbà náà, àwọn kan ń fi ilẹ̀ ṣe òwò àjẹjù, ìjọba fẹ́ kọ́ ọ̀nà àti ilé-ìwé kò rí ilẹ̀, ẹjọ́ ẹbí sí ẹbí kún ilé-ẹjọ́. Òfin náà kò sì lé ẹni tí ń dáko kúrò lóko rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ìjọba ní agbára láti gba ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó tún jẹ́ òun nìkan ni yóò sọ iye tí ó tọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá kò yí padà nítorí pé ọmọ ìyá ẹni ni ó jókòó sórí àga.

Òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala kẹrìnlélógójì ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n gba ohun ìní rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n bá a wádìí iye tí ó tọ́ sí i. Abala kẹẹ̀ẹ́dógúnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún nínú ìwé kan náà sì dáàbò bo Òfin Lílo Ilẹ̀ débi pé kò rọrùn láti fọwọ́ kàn án. Àwọn aṣòfin ti sọ̀rọ̀ àtúnṣe rẹ̀ títí, ẹnu ti kán. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀nà tuntun bá gba inú oko kan kọjá, tí ìyá arúgbó kan sì gba owó igi kòkó tirẹ̀ láìgba owó ilẹ̀ tí igi náà hù lé, ìbéèrè ọdún 1913 ń dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ síbì kankan.

Ọkọ̀ ojú omi kò tún yẹ kí ó gbé e. Ohun tí ó yẹ ni kí àwọn aṣòfin ṣí abala kẹtàdínláàádọ́ta náà wò, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò, kí ilé-ẹjọ́ tí ó wà nílé lè béèrè ohun tí ilé-ẹjọ́ àjèjì béèrè ní ọdún 1921: kí ni àṣà àwọn tí ó ni ilẹ̀ yìí, kí sì ni ó tọ́ sí wọn? Gómìnà tí ó bá mọ̀ pé owó tí òun san tó kò ní bẹ̀rù ìbéèrè náà. Mọ̀lẹ́bí tí ó bá mọ̀ pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí kò ní jẹ́ kí baálé kan dá a tà ní kọ̀rọ̀. Àmọ́dù Tìjání kò gba ilẹ̀ Àpápá padà. Ó kàn kọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní olówó.